Ráàmù Tí Lájídé Kò Lè Fi Sínú Kọ̀ǹpútà Tirẹ̀
Ìwà ìrẹ́jẹ ni Lájídé tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà hù sí Mopélọ́lá, ọmọbìnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé jẹun: ó mọ̀ọ́mọ̀ ta ráàmù àtijọ́, ìyẹn pátákó ìrántí kékeré inú kọ̀ǹpútà, tí kọ̀ǹpútà òde òní kì í gbà, fún un. Nígbà tí ọmọ náà gbé kọ̀ǹpútà wá pé ráàmù kò wọlé, Lájídé gbẹ́sẹ̀ lé e: “Kò sí kọ̀ǹpútà tí ráàmù mi kì í wọ̀. Ọwọ́ rẹ ló le. Tì í wọlé báyìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ̀ǹpútà di tèmi.” Mopélọ́lá pe alága ọjà wá síbẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀: “Òótọ́ ni, bàbá, ọwọ́ mi kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ bá mi bẹ ọ̀gá kí wọ́n tì í bọ kọ̀ǹpútà tuntun tiwọn yẹn, kí n wò ó kọ́.” Alága ní ẹ̀bẹ̀ náà kò pọ̀ jù. Lájídé ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó gbé ráàmù lé ojú ihò, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró síbẹ̀. “Ẹ tì í, ọ̀gá, ọwọ́ tiyín ṣáà rọ̀!” làwọn ọlọ́jà ń pariwo. Lájídé fi àyà bo kọ̀ǹpútà rẹ̀: “Ṣé ẹ fẹ́ kí n fọ́ bọ́ọ̀dù mi ni?” Mopélọ́lá ní, “Tèmi ńkọ́, sà?” Ni Lájídé bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja: “Ẹ̀yin ará ọjà, Mopélọ́lá, ẹ forí jì mí. Mo purọ́.”