Lékèélékèé Tí Ẹ̀rù Òfúrufú Ń Bà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé orí Àṣàkẹ́, ọmọ Lékèélékèé.

Ìjì ti gbé Àṣàkẹ́ ṣubú láti orí igi rí, láti ọjọ́ náà ni kò ti fò mọ́. Ẹ̀yìn Màlúù ló ń gbé. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, àwọn ará ilé rẹ̀ ń múra láti fò kọjá odò lọ síbi tí oúnjẹ wà. Àṣàkẹ́ bú sẹ́kún.

Màlúù ní, "Ọmọ mi, n ó gbé ọ wọ odò. Bí ẹ̀rù bá bà ọ́, wí, n ó dúró."

Lọ́jọ́ kìíní, omi dé orúnkún Màlúù. Àṣàkẹ́ ní, "Ẹ dúró, Ìyá." Màlúù dúró. Lọ́jọ́ kejì, omi dé ikùn. Àṣàkẹ́ na ìyẹ́ díẹ̀, ó tún ní kí ó dúró. Màlúù tún dúró. Lọ́jọ́ kẹta, omi kan ẹ̀yìn Màlúù, orin ni Àṣàkẹ́ ń kọ. Ẹ bá mi gbè é:

Ìyá, ẹ rọra wọdò,
*Afẹ́fẹ́ á gbé ọ.*
Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n rìrì,
*Afẹ́fẹ́ á gbé ọ.*
Mo na apá méjèèjì,
*Afẹ́fẹ́ á gbé ọ.*

Afẹ́fẹ́ sì gbé e. Ẹ̀rù ṣì ń bà á, ṣùgbọ́n ó ń fò, ó sì bá àwọn ará ilé rẹ̀ kọjá odò.

Nígbà tí òjò padà dé, tí wọ́n fò padà wálé, kí Àṣàkẹ́ tó wá oúnjẹ rárá, ọ̀dọ̀ Màlúù ló kọ́kọ́ lọ. Ó ní, "Ìyá, ẹ ṣeun tí ẹ dúró nígbà tí mo ní kí ẹ dúró."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá fi sùúrù gbé yín kọjá ẹ̀rù, ẹ padà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.