Ojú Oró Inú Kẹ́ẹ̀gì

Àlọ́ o!

Àlọ́ọ̀!

Àlọ́ mi rìn, rìn, rìn, ó gba ìdí iná kọjá, ó gun òkè dé àárín, kò gùn ún tán. Ó wá já lu Ìjímèrè àti Ẹfọ̀n, ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ohunkóhun kò tíì yí padà, ìyá Ìjímèrè jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ha iṣu sísun. Ìjímèrè wà lọ́tùn-ún. Ẹfọ̀n, tí kò ní ìyá mọ́, wà lósì. Ìyá dá iṣu náà sí méjì ọgbọọgba, ó fún wọn. Epo pupa kán sí Ẹfọ̀n láyà, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Awakọ̀ akẹ́rù ni àwọn méjèèjì. Nígbà tó yá, Ẹfọ̀n ra ọkọ̀ tuntun. Ọkọ̀ náà kì í rú èéfín, ó sì ń gun Òkè Olókùúta, tí ọkọ̀ ògbólógbòó Ìjímèrè kò lè gùn. Gbogbo ẹranko kó ẹrù wọn fún Ẹfọ̀n. Ìyẹn dun Ìjímèrè, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Ohun tí kò lè gbé mì ni ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀.

"Ẹfọ̀n, ọmọ mi," ni Ìyá wí, "ọkọ̀ rẹ ni n óò máa wọ̀. Ti ẹnì kejì rẹ yìí, èéfín rẹ̀ á ti yan mí gbẹ bí ẹja kí n tó débi tí mò ń lọ."

Ẹfọ̀n rẹ́rìn-ín. Ìjímèrè náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Ọkọ̀ tuntun náà ní èèwọ̀ kan. Yàtọ̀ sí epo, ó ń mu omi afọ-èéfín, omi tó mọ́ gaara, tí wọ́n ń rọ sínú táǹkì kékeré tirẹ̀. Bí wọ́n bá fún un ní ayédèrú, agbára rẹ̀ á tán, ìrìn ìgbín ni yóò máa rìn.

"Ìjímèrè, ìwọ lo mọ ìlú," ni Ẹfọ̀n wí. "Bá mi ra kẹ́ẹ̀gì kan bọ̀. Wo ìdérí rẹ̀ dáadáa o. Bí wọ́n bá ti ṣí i rí, má rà á."

"Èmi lo ń kọ́ ní ọjà rírà?"

Ìjímèrè dé ṣọ́ọ̀bù Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń ta omi náà. Ó nawọ́ sí kẹ́ẹ̀gì tó wà níta. "Èyí ńkọ́?"

"Ìyẹn ti pẹ́ jù nínú oòrùn," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. "Ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ rẹ̀ kì í rà á. Tinú ilé ni kó o gbé."

Tinú ilé ni Ìjímèrè gbé. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé etí odò, ó da ojúlówó omi náà nù. Ó bu omi odò sí i, ó po ajílẹ̀ funfun mọ́ ọn kó lè jọ ojúlówó, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdérí rẹ̀ padà.

"Ẹrù gbogbo á padà sọ́dọ̀ mi," ó ń bá ara rẹ̀ sọ. "Ìyá mi náà á padà."

Ẹfọ̀n kò wo ìdérí. Ṣebí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló rà á. Ó rọ ọ́ sínú táǹkì, ó sì gbé ìyókù sẹ́yìn àga.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àyà Ìyá dí, kò lè mí dáadáa mọ́. Ẹ̀yìn Òkè Olókùúta ni ilé ìwòsàn wà.

"Ẹ gbé Màmá wọ ọkọ̀!" ni Ẹfọ̀n kígbe.

"Ká... ká gbé tèmi," ni Ìjímèrè wí.

"Tìẹ kẹ̀? Lórí òkè wo?"

Òtítọ́ dé ètè Ìjímèrè. Ìtìjú dá a padà sí ọ̀fun.

Wọ́n dé àárín òkè, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀. Ẹfọ̀n fi orin bẹ ọkọ̀ náà. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi gbè é:

Ọkọ̀ mi, dìde o,
Gbéra!
Ìyá wà nínú rẹ,
Gbéra!
Òkè ò jìnnà mọ́,
Gbéra!

Ọkọ̀ kò gbéra. Ẹfọ̀n fa kẹ́ẹ̀gì jáde, ó ṣí i, ó wo inú rẹ̀ pẹ́. Ojú oró kékeré kan léfòó síbẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé ojú oró ní í lékè omi.

"Ìjímèrè."

"Hùn."

"Ṣọ́ọ̀bù wo ni wọ́n ti ń ta omi tó ń hu ojú oró?"

Ìyá ti gbọ́.

"Ẹ má jà," ni Ìyá wí. Ohùn rẹ̀ ti fẹ́lẹ́. "Ẹ̀yin méjèèjì ni mo bí."

Ẹfọ̀n kúnlẹ̀, ó gbé Ìyá pọ̀n, ó gun òkè. Ìjímèrè ń sáré tẹ̀ lé wọn, ó di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú. Kí wọ́n tó dé téńté, ẹsẹ̀ náà ti tutù.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tí owú bá sọ pé kó ba ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́, kó kọ́kọ́ yọjú wo inú rẹ̀, kó mọ ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀.

Wọ́n ti fọ táǹkì ọkọ̀ náà. Ó ń gun òkè. Àpótí Ìyá ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Iṣu wà, iná wà. Kò sí ẹni tí ń dá a sí méjì.