Orúnkún Tí Kò Dun Ẹni Tó Ni Ín Mọ́

Obìnrin kan wà tí ó ṣubú lórí ọ̀kadà, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ sì fọ́. Bàbá tí ń to eegun fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà di ẹsẹ̀ náà mọ́ igi. Lọ́jọ́ tí ó tú u, ó ní, "Máa ká a láràárọ̀. Yóò dùn ọ́ gan-an. Pariwo tó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n máa ká a. Bí o bá fi í sílẹ̀, àwọn eegun yẹn yóò lẹ̀ mọ́ra, ẹnikẹ́ni kò sì ní lè yà wọ́n."

Àbúrò ọkọ obìnrin yìí wà nínú agbo ilé. Ìyàwó fi ọdún méje jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí ọmọ náà kí wọ́n tó gbé ìyàwó wọlé, nítorí náà ọkọ ni ó jẹ́ sí i. Eyínmẹ́nugún ni ìyàwó ń pè é, kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀. Àràárọ̀ ni ó ń kúnlẹ̀ kí i, àràárọ̀ náà ni inú sì ń bí i.

Lẹ́yìn tí wọ́n tú ẹsẹ̀ náà, ó lọ kí i. Kò tíì kúnlẹ̀ dé ilẹ̀ tí ó fi kérora. Eyínmẹ́nugún yára dì í mú.

"Ìyàwó wa, dìde jàre! Àbí o fẹ́ kí wọ́n ní èmi ni mo ṣẹ́ ẹ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbé àga fún un. Àga náà dùn mọ́ ọn nínú. Láti ọjọ́ náà kò ká ẹsẹ̀ mọ́. Bí ọkọ rẹ̀ bá bi í, á ní, "Ó ń dùn mí." Kò purọ́. Nígbà tí ó fi máa pé ọdún méjì, kò dùn ún mọ́, ó sì rò pé ó ti san. Ẹsẹ̀ náà ti le gbọnrangandan bí ọmọ odó.

Lọ́dún náà ni ó wá aṣọ sányán ìgbéyàwó rẹ̀ tì. Ó sọ lójú gbogbo ẹbí pé Eyínmẹ́nugún ni ó jí i. Ìròyìn náà gba àdúgbò kan. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, télọ̀ gbé aṣọ náà dé. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ni ó gbé e lọ fún àtúnṣe, tí ó gbàgbé.

Ojú tì í. Ó lọ bá Eyínmẹ́nugún níwájú àwọn àgbà ilé.

"Ọkọ mi, mo ṣẹ̀ yín. Ẹ dárí jì mí."

"Ìdúró lo fi ń bẹ̀ mí?"

Ó gbìyànjú láti kúnlẹ̀, orúnkún kọ̀. Ó sọ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó fìdí jókòó sórí ilẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì nà tàntàn sí ẹni tí ó ń bẹ̀.

Ìyá àgbà kan pòṣé. "Ó tún na ẹsẹ̀ sí i!"

Obìnrin náà fi gèlè bo ojú. "Ẹsẹ̀ yìí ò ká mọ́. Ó ṣì lè ká nígbà tí wọ́n tú u. Mi ò fẹ́ kúnlẹ̀ fún yín ni."

Eyínmẹ́nugún gba ẹ̀gbẹ́ wá, ó gbé e dìde, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó wọ yàrá tirẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ìwọ tí o jókòó tì mí yìí, o mọ ẹni tí o ṣẹ̀. O ní ó ń dùn ọ́ láti lọ bẹ̀ ẹ́, pé kí n jẹ́ kí ìrora náà rọlẹ̀ ná. Yóò rọlẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀rù fún ọ nìyẹn. Dìde, máa lọ báyìí tí ó ṣì ń dùn ọ́.