Ẹni Tó Dán Asẹ́ Wò

Ọkùnrin kan wà ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe oògùn abẹ́rẹ́ fún àwọn ọmọdé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa sẹ́ oògùn náà. Kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń mú oògùn yìí jáde, nínú omi ṣúgà tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú àgbá kí ó kan. Ṣùgbọ́n kòkòrò náà kò gbọdọ̀ bá oògùn wọ ara ọmọ. Wọn kò sì lè sè é, nítorí iná a máa ba oògùn náà jẹ́. Awọ fẹ́lẹ́ kan ni wọ́n fi ń sẹ́ ẹ. Ihò ara awọ náà kéré débi pé oògùn á kọjá, kòkòrò á sì kù sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kan, oògùn tán ní ilé ìwòsàn ìlú kejì. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ti ṣèlérí fún wọn lórí fóònù. Ọkọ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, awakọ̀ sì ń pariwo: "Bàbá Alásẹ́, ṣé ẹ tún fẹ́ sẹ́ òjò ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ti sẹ́ oògùn tán. Ọ̀gá bu díẹ̀ sínú ìgò, ó gbé e sójú oòrùn, inú rẹ̀ dùn.

"Ẹ wo bó ṣe mọ́! Ẹ jẹ́ ká máa dì í."

"Ó ku kí n dán awọ wò, ọ̀gá."

Àṣà rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá ti sẹ́ oògùn tán, á ti afẹ́fẹ́ sínú awọ náà, á sì ki ẹnu ọ̀pá tó jáde lẹ́yìn awọ bọ inú omi. Bí awọ bá pé, omi á dákẹ́. Bí ó bá ti ya níbì kan, afẹ́fẹ́ á jò kọjá, omi á sì máa hó. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò fò ó rí.

Lọ́jọ́ náà, omi hó.

Ojú ọ̀gá le. "Bàbá, àwọn ọmọ ń dúró de oògùn yìí. Ta ni yóò mọ̀?"

"Ọmọ tí wọ́n bá fún ní abẹ́rẹ́ náà."

Ó da gbogbo oògùn padà, ó sì fi awọ tuntun sẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó tún dán awọ wò, omi dákẹ́.

Ọ̀gá bu sínú ìgò kejì, ó gbé méjèèjì sójú oòrùn. Ọ̀kan kò mọ́ ju èkejì lọ. Ó ń yí wọn lọ́wọ́ títí kò fi mọ èyí tó kọ́kọ́ bù mọ́. Ẹ̀rù bà á. Ó da méjèèjì nù, ó sì fúnra rẹ̀ bá ọkọ̀ lọ láti bẹ àwọn ará ilé ìwòsàn. Oògùn pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé.

Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yìí, nítorí ó wá àṣìṣe ara rẹ̀ nígbà tí wọ́n ti ń yìn ín.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, ò ń gbé ìgò rẹ sójú oòrùn fún wa: o kò jalè, o kò bú ẹnikẹ́ni, ẹnu rẹ dùn. A ti rí i. Ọkàn rẹ ńkọ́, awọ tí gbogbo rẹ̀ gbà kọjá? Lọ dán an wò lónìí, kí ọkọ̀ tó gbéra. Bí omi bá hó, da á padà, kí o sì tún un sẹ́.