Ìjàpá Tó Di Ọmọ-iṣẹ́ Ẹgbẹ́ Rẹ̀

Dúró níbẹ̀ ná. Ìwọ tí o ń kọjá lọ, dá ẹsẹ̀ dúró. Ìwọ tí o ti jókòó, fetí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ ayé rẹ ni mo fẹ́ sọ, kì í ṣe ti ẹranko nìkan.

Ààlọ́ o. Ẹ dá mi lóhùn, ẹ ní ààlọ̀. Àlọ́ mi wọ ilé alágbẹ̀dẹ, ó fẹ́ná díẹ̀, ó sá jáde. Nígbà tó padà wọlé, ó ti darúgbó. Ta ni o? Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ìjàpá ni, ọkọ Yánníbo.

Nígbà tí Ìjàpá àti Òkété wà ní ọ̀dọ́, ọjọ́ kan náà ni wọ́n wọṣẹ́ lọ́dọ̀ Ìnàkí alágbẹ̀dẹ. Àṣà ibẹ̀ ni pé ní ọdún kìíní, ẹwìrì nìkan ni ọmọ-iṣẹ́ yóò máa fẹ́. Ní ọdún kejì ni yóò fọwọ́ kan ẹ̀mú. Ní ọdún kẹta ni ọ̀gá yóò fi àwọ̀ iná hàn án, àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n ti irin bọ omi. Ọdún keje ni òmìnira.

Ìjàpá fẹ́ ẹwìrì fún oṣù mẹ́jọ, èéfín ń wọ̀ ọ́ lójú. Ó wò ó títí, ó ní lójú tòun, wọ́n á ki irin bọná, wọ́n á lù ú, ó parí. Kí ló tún kù? Ó sọ fún Òkété pé òmùgọ̀ ló ń fi ọdún méje kọ́ ohun tí ojú rí tán lọ́jọ́ kan. Òkété ní kò burú, ó ń kó èédú lọ.

Bí Ìjàpá ṣe kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Ó lọ sọ́dọ̀ Agbe aláró. Nígbà tí aró mú un lọ́wọ́, tó di pé ọwọ́ dúdú ló fi ń bu iyán, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó dé ọ̀dọ̀ Àkókó gbẹ́nàgbẹ́nà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní kó máa pọ́n àáké fún oṣù mẹ́ta, ló bá ní òun ti mọ ìyẹn náà.

Báyìí ni ọdún ń lọ. Ẹ̀yin ará, Olúwa a máa fún ni ní ọdún, ṣùgbọ́n kì í san èyí tí a bá fi ṣòfò padà. Òkété gba òmìnira. Yánníbo ń ti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn tọrọ èlùbọ́. Lọ́jọ́ kan ó dúró ti ọkọ rẹ̀, kò pariwo, ó ní, "Baálé mi, gbogbo iṣẹ́ ni o mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. O ò mọ ìyẹ̀wù ọ̀kan. Bí òjò ọdún yìí bá rọ̀ tí a ò sì ní oúnjẹ tiwa, ilé bàbá mi ni mò ń lọ."

Ọ̀rọ̀ náà gún Ìjàpá. Ó mọ̀ pé kò purọ́.

Nígbà náà ni Ìnàkí darúgbó, apá rẹ̀ kò gbé òòlù mọ́. Erin, ọba àwọn ẹranko, ń wá alágbẹ̀dẹ ìlú tí yóò rọ ọkọ́ fún gbogbo àgbẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Ẹni tó bá gba ipò náà, iṣu kan nínú ebè kọ̀ọ̀kan tirẹ̀ ni. Ìnàkí dárúkọ Òkété. Ṣùgbọ́n Ìjàpá ti yọ́ lọ bá Erin ṣáájú. Ó ní iṣẹ́ kan péré ni Òkété mọ̀, òun dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mẹ́ta. Ó ní kí Kábíyèsí pe àwọn ọ̀gá náà, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ kí wọ́n rojọ́ gígùn, nítorí ìlara ń bẹ nínú wọn. Kí ó bi wọ́n ní ohun tí òun ṣe lọ́dọ̀ wọn, kí kálukú fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fèsì.

Wọ́n pé jọ lọ́sàn-án gangan. Etí Erin tóbi bí ewé kókò, ṣùgbọ́n eṣinṣin ló ń fi í lé, pà, pà, pà. Ó bi Ìnàkí léèrè. Inú ń bí Ìnàkí, ó sì dùn mọ́ ọn láti dójú ti Ìjàpá.

Ó ní, "Ó kọṣẹ́."

Agbe ní, "Ó kọṣẹ́." Àkókó ní, "Ó kọṣẹ́."

Etí Erin ń lù pà, pà, kò gbọ́ ohùn ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Kọ́ṣẹ́ ló gbọ́. Ẹnu ya àwọn ọ̀gá, ṣùgbọ́n Erin ti gbé ọwọ́jà rẹ̀ sókè, bó bá sì ti gbé e, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ó fi Ìjàpá jẹ alágbẹ̀dẹ ìlú.

Ìjàpá fẹ́ná. Fífẹ́ ni ó mọ̀, ó fẹ́ ẹ kọjá àlà. Irin pọ́n, ó funfun, ó ń ta ẹ̀tàpàrà. Kò mọ àwọ̀ tó yẹ kó ti yọ ọ́. Ó lù ú, ó tì í bọ omi nígbà tí kò tíì yẹ. Àwọn ọkọ́ náà ń dán gbinrin, wọ́n sì lẹ́wà lójú.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ẹfọ̀n gbé ọkọ́ tirẹ̀ sókè, ó kọ ebè kìíní, ọkọ́ ṣẹ́ pákà. Ti Àgbọ̀nrín ṣẹ́. Ti Ẹtu ṣẹ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, igi ọkọ́ lásán ni gbogbo wọn gbé dé ilé. Òkété wá rọ òmíràn, ṣùgbọ́n òjò ti kọjá. Ọdún yẹn, ebi pa wọ́n. Yánníbo di ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Wọ́n fa Ìjàpá dé iwájú Erin. Lọ́tẹ̀ yìí, Erin fi etí rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ìnàkí ní, "Kábíyèsí, mo ní ó kọ iṣẹ́. Mi ò ní ó kọ́ iṣẹ́."

Ìjàpá ní, "Kábíyèsí, etí yín ló gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Èmi ò sọ̀rọ̀ o."

Erin kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Ìjàpá lọ kọ́ iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Agbe kọ̀ ọ́, Àkókó kọ̀ ọ́, Ìnàkí ti gbó jù. Òkété nìkan ló ní òun gbà á, ó sì bojú wo ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ọdún kìíní," Òkété ní, "ẹwìrì ni."

Ìjàpá dọ̀bálẹ̀, ó pe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀gá. Ìyẹn ò tíì dùn ún tó. Èyí tó dùn ún ni ti àwọn àlejò. Bí wọ́n bá dé ilé alágbẹ̀dẹ, wọ́n á rí arúgbó lẹ́bàá iná, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin lọ̀gá, àbí?" Ìjàpá á sì fa orí rẹ̀ wọnú. Kò rí ọdún keje kó tó kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ jogún ìtìjú náà, ìdí nìyẹn tí ọmọ Ìjàpá fi ń fa orí wọlé bí ẹnikẹ́ni bá sún mọ́ ọn títí di òní.

Àlọ́ mi ti jáde nínú iná, mo ti tì í bọ omi, ó ti tutù. Bí mo bá purọ́, kó ṣẹ́ mọ́ mi lẹ́nu. Bí mi ò bá purọ́, kó dún kin, kin, kin.

Ìwọ tí o sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tí o ń sọ pé o ti mọ̀ ọ́n, Ọlọ́run ṣì fi òní fún ọ. Mo bẹ̀ ọ́, dìde, padà lọ bá ọ̀gá rẹ, kí o sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí o ti fi í sílẹ̀.