Bí Ọdẹ́sanyà Ṣe Fi Ọrùn Ìgò Gba Ohùn Àyọ̀ká Nínú Igbó Àìdákẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sábẹ́ igi yìí, ẹ fa àpótí yín sún mọ́ mi. Kí ẹni tó ń họra họ ọ́ tán, kí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà gbé e mì, nítorí ìtàn tí mo gbé dání lónìí dà bí omi inú ewé kókò: bí ọwọ́ bá gbọ̀n, ó di ilẹ̀. Ìwé díẹ̀ ni mo kà kí bàbá mi tó fi àdá lé mi lọ́wọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí mo dúró láàárín ọ̀rọ̀, ẹ má rò pé mo ti ṣìnà. Ibi tí n óò gbé ẹsẹ̀ sí ni mo ń wò. Ẹni tó bá fara balẹ̀ tú èèrà ni í rí ìfun rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ní abúlé Ìdí-Ahùn tí à ń pè ní Ọdẹ́sanyà. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀, ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá rẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì bẹ̀rù ẹkùn bí wọn kò ṣe bẹ̀rù ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́sanyà, kí n má parọ́ mọ́ ọn, ẹ̀rù a máa bà á. Bí ewé bá já, á wòkè; bí ẹyẹ bá fò, á wẹ̀yìn; bí gbogbo nǹkan bá sì dákẹ́, ìgbà náà gan-an ni àyà rẹ̀ á já. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ọdẹ́sanyà, ṣé ìwọ lò ń dọdẹ ẹran ni àbí ẹran ló ń dọdẹ rẹ?" Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹran tó wà nínú ìkòkò ìyàwó mi kò tíì bi mí ní ìbéèrè yẹn." Òótọ́ ni, nítorí ẹ̀rù ló kọ́ ọ ní ìrìn. Ó lè gba orí ewé gbígbẹ kọjá bí òjìji ìkúùkù ṣe ń gba orí ọ̀dàn kọjá, kí etu tó ń jẹko má sì gbé orí.

Ohun kan ṣoṣo ló wà láyé tí kò bà á lẹ́rù: gìtá. Kì í ṣe èyí tí a ń fi ìka tẹ okùn rẹ̀ mọ́ igi o. Okùn tirẹ̀ ga kúrò lára igi, torí ó ti ki èérún egungun ìgalà bọ abẹ́ wọn. Ó wá ki ọrùn ìgò bọ ìka ọwọ́ òsì, á máa fi yọ̀ lórí okùn, lọ síwájú, bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó ń fi ìka tẹ gìtá dà bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn, á kúrò lórí èyí kó tó dé orí èyí. Ẹni tó ń fi ìgò yọ̀ dà bí ẹja nínú odò, dà bí àṣá lójú sánmà, dà bí ẹkún ọmọdé tó ń di ẹ̀rín tí ìyá kò mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Bí mo ti ń sọ ọ́ yìí, ara mi ń bù mí jẹ.

Olóògbé Adéṣọ̀kàn, àgbà adẹ́mu kan, ló kọ́ ọ. Òun ló fi òwú tó rẹ sínú kẹrosíìnì wé ìgò lọ́rùn, ó ṣáná sí i, ó tì í bọ omi tútù, ọrùn náà sì já geere. Ó wá fi òkúta lọ ẹnu rẹ̀ títí ó fi dán. Ó ní, "Ọdẹ́sanyà, má tẹ̀ ẹ́ o. Rìn lórí okùn bí o ṣe ń rìn lórí ewé gbígbẹ. Kí ìka tó kù máa tẹ̀ lé ìgò lẹ́yìn, kó máa pa ariwo rẹ̀, bí ọdẹ tó kẹ́yìn ṣe ń pa ipa ẹsẹ̀ ẹni tó ṣáájú."

Àyọ̀ká ni ìyàwó Ọdẹ́sanyà, ohùn rẹ̀ sì dùn bí oyin ìgàn. Bí ọkọ rẹ̀ bá ń ti oko ọdẹ bọ̀, á dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà, á fi ìgò pe orúkọ obìnrin náà lórí okùn, Àyọ̀ká á sì dáhùn láti inú èéfín ilé ìdáná pé, "Ojo-apẹran, o dé?" Orúkọ tó fún un nìyẹn, ojo tí í pa ẹran wálé. Orúkọ yìí a máa dun Ọdẹ́sanyà díẹ̀. Ó ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá òmíràn, àmọ́ Àyọ̀ká á ní, "Èyí tó bá ọ mu nìyí, jẹun."

Lọ́jọ́ kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀, Àyọ̀ká lọ já ewé gbòdògì létí Igbó Àìdákẹ́, ó ń kọrin bó ti ń já a. Nígbà tó padà délé, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, kò sóhùn. Ó fi ọwọ́ júwe igbó, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn àgbà abúlé mirí, wọ́n sọ pé Agbóhùnpamọ́, ọba àwọn iwin, ti gbé ohùn náà sínú akèrègbè, àti pé bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ kí ohùn ó tó padà, ó di ti igbó títí ayé. Ọdẹ́sanyà wọlé, ó jókòó. Kò sí ẹni tó pè é ní ojo. Ilé náà dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì burú ju gbogbo ẹranko tó ti sá fún láyé lọ. Ó dìde, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká ọ̀tún, ó gbé gìtá kọ́ ti òsì, ó sì wọ igbó lọ ní kùtùkùtù.

Igbó Àìdákẹ́! Igi ibẹ̀ ń hó, òkúta ibẹ̀ ń kùn, olú ibẹ̀ a máa sín bí èèyàn bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbi tí ọ̀nà ti há, iwin kan dìde tí ojú rẹ̀ wà ní ìgúnpá, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ bí ìtàkùn ọ̀dùnkún. Ó ká apá sókè láti wo Ọdẹ́sanyà dáadáa.

"Ọmọ aráyé, o ń gbọ̀n bí ewé àgbọn. Kí ló ń gbé ẹni tó ń gbọ̀n wá síbí?"

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Oníbodè. Ohùn ìyàwó mi ni mo wá gbà."

"Irin kì í wọ ibí. Sọ ìbọn kalẹ̀. Kí o tó kọjá, dá mi lóhùn: kí ni ìwúlò ẹ̀rù?"

Ọdẹ́sanyà sọ ìbọn kalẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Bàbá, ẹ̀rù ni ajá tó ń ṣọ́ ilé ẹ̀mí. Ẹni tó bá pa ajá rẹ̀, olè ló ń ránṣẹ́ sí. Àmọ́ ẹni tí ajá rẹ̀ kò jẹ́ kó jáde sí òde, ajá ti di baálé ilé náà. Èmi mú tèmi dání ni."

Iwin náà rẹ́rìn-ín títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi kó sí i lẹ́sẹ̀. "Ìwọ àti ajá rẹ, ẹ kọjá."

Bí ó ṣe dé ààfin nìyẹn. Agbóhùnpamọ́ ga bí ìrókò, etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, torí gbígbọ́ niṣẹ́ rẹ̀. Akèrègbè kún orí igi lókè rẹ̀ lọ súà, ohùn sì ń mí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níwájú rẹ̀ ni àwọn iwin onígìtá mẹ́ta jókòó sí. Ọba ní kí wọ́n ṣeré. Ọ̀kan ń fi egungun yọ̀ lórí okùn, igbó sì sunkún. Èkejì ń fi ìkarahun ìgbín yọ̀, ilẹ̀ sì ń rọ̀ bí ẹni pé ìrì ń sẹ̀. Ẹ̀kẹta ń fi òkúta odò yọ̀, Ọdẹ́sanyà sì gbàgbé pé ẹ̀rù ń bà á. Ó pàtẹ́wọ́! Ó fò sókè! "Ẹ tún un ṣe! Bàbá olókùúta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún èyí tó wálẹ̀ yẹn ṣe!"

Ọba sọ̀rọ̀ láti ojú abẹ́rẹ́ ẹnu rẹ̀. "Ta ni ọ̀gá nínú wọn?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé gìtá sílẹ̀, èékánná wọn yọ. Ọdẹ́sanyà rí i pé tákúté nìbéèrè náà.

"Kábíyèsí, ẹni tó bá yin ojú kò gbọdọ̀ bú imú. Egungun ń rántí òkú fún wa, ìkarahun ń rántí ilé, òkúta ń rántí odò. Ẹ má bínú, ẹni tí mo fẹ́ràn jù kò sí níbí. Adéṣọ̀kàn adẹ́mu ni."

"Kí ló fi jù wọ́n?"

"Kò fi nǹkan kan jù wọ́n, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n á gbé ohùn dé ẹ̀bá ibi tó ń lọ, á wá dúró. Ọkàn ẹni tó ń gbọ́ ni yóò sáré parí ìrìn náà."

Olókùúta kan sáárá. "Mo mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀," ó ní, ó sì fa èékánná wọlé. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

"Ẹnu dùn," ni ọba wí. "Ọwọ́ ńkọ́? Pe ohùn tó o wá gbà. Bó bá dáhùn, máa gbé e lọ. Bí kò bá dáhùn, tìrẹ náà yóò wọ akèrègbè."

Ọdẹ́sanyà gbé gìtá lé itan. Ẹ̀rù padà dé, ó kún ọwọ́ rẹ̀. Dípò kó yọ̀, ó tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó di ẹ̀ka igi mú kó má baà ṣubú. Ìgò gbá igi, ó ró *kọ̀ọ̀*, okùn ké bí ẹyẹ awó tí ó há sẹ́nu ilẹ̀kùn. Àwọn ohùn inú akèrègbè bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló ń fọ́ abọ́?" "Ẹ sọ fún un pé ilé ìdáná kọ́ nìyí!" Kò sí ti Àyọ̀ká níbẹ̀. Ọdẹ́sanyà gbé ìgò wò: ó ti sán láti ẹnu dé ìdí, ìlà tín-ín-rín bí irun orí.

"Kábíyèsí," ó ní, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, "ọdẹ tí ọta rẹ̀ kò bá ẹran, ẹ jẹ́ kó tún ìbọn kì."

Olókùúta bá a bẹ̀bẹ̀. Ọba mi etí ńlá rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ọdẹ́sanyà mọ̀ pé bí òun bá tún tẹ ìgò yìí, yóò fọ́, yóò sì gé okùn. Ìgò tó sán kì í gba agídí. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lé ewé gbígbẹ, ó sì rí i bí ara rẹ̀ ṣe fúyẹ́ fúnra rẹ̀ bó ti máa ń ṣe nínú igbó, láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún un. Ẹ̀rù kò lọ. Ẹ̀rù náà ló sọ ọ́ di fífúyẹ́. Ó gbé ìgò lé okùn bí ẹni gbé ẹsẹ̀ lẹ́yìn etu, ìka tó kù ń tẹ̀ lé e, ó ń pa ipa rẹ̀. Orúkọ obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí èéfín ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó ku díẹ̀ kí orúkọ náà parí, Ọdẹ́sanyà dá ìgò dúró.

Igbó Àìdákẹ́ dákẹ́.

Láti inú akèrègbè kékeré kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn gbogbo wọn, ohùn kan parí orúkọ náà, ó sì fi kún un pé, "Ojo-apẹran, o dé?"

Agbóhùnpamọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ já akèrègbè náà. "Ohùn tó bá mọ ẹni tó ń pè é kì í ṣe ti olè," ó ní. "Gbé e lọ kí òjò tó dé."

Ìkúùkù ti ń ṣú bí Ọdẹ́sanyà ṣe gba ìbọn rẹ̀ lọ́wọ́ oníbodè, ó sì sáré, ọkùnrin tí kì í sáré sí ibì kankan àfi kúrò níbẹ̀. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tó ṣí akèrègbè náà sí ẹnu Àyọ̀ká. Obìnrin náà gbé e mì, ó wúkọ́, ó wo ọkọ rẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, nítorí ó ti gbàgbé bàtà sí ààfin iwin.

"Ojo-apẹran," ó ní, "ẹran dà?"

Ọdẹ́sanyà bú sẹ́rìn-ín, ó sunkún, òjò sì dé. Láti ọjọ́ náà, kò bẹ̀ ẹ́ mọ́ pé kó wá orúkọ mìíràn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gé ọrùn ìgò tuntun fún un, kò gbà. Èyí tó sán yẹn ló ń lò títí dòní, ẹni tó bá sì wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ohun tó máa ń sọ fún un nìyí, ohun náà ni mo sì fi ń tú ìjókòó yìí ká: ẹ má tẹ ohun tí ẹ fẹ́ràn mọ́ igi. Ẹ fi ọwọ́ fífúyẹ́ kàn án, ẹ jẹ́ kó rìn, kí ẹ sì dúró díẹ̀ kí ẹ tó dé òpin, kí ẹni tó ń gbọ́ yín lè dáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ̀rù ń bà, ẹ má pa ajá yín. Ẹ mú un dání, kí ẹ máa lọ. Ó tó bẹ́ẹ̀. Kálukú kó gbé àpótí rẹ̀ wọlé, kí ẹni tó ní gìtá nílé lọ wá ìgò.