Bí Ewúrẹ́ Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí Í Jẹ Àpọ̀jẹ

Nígbà tí ayé ṣì kéré, tí gbogbo ẹran ọ̀sìn ṣì ń gbé agbo ilé kan ṣoṣo, ewúrẹ́ kì í jẹ àpọ̀jẹ. Ohun tí ó bá ti gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá ti lọ nìyẹn. Kò sí ohun tí ń padà wá sí ẹnu rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó rí i rí kí ó dùbúlẹ̀ sí ibòji, kí ó máa yí àgbọ̀n sọ́tùn-ún sósì bí a ti ń rí i lónìí.

Igi ọdán ńlá kan wà ní àárín agbo ilé náà. Abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń jẹun. Àṣà kan ni wọ́n ní níbẹ̀, kò sì le rárá. Ẹni tí ó bá ń jẹun, tí ẹlòmíràn ń kọjá, yóò wí fún un pé, "Ẹ wá jẹun." Bí ebi bá ń pa ẹni tí ń kọjá, á jókòó, á bù díẹ̀. Bí ebi kò bá pa á, á dáhùn pé, "Á gba ibi ire," á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Báyìí ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́, oúnjẹ kì í sì í ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi.

Ewúrẹ́ nìkan ni àṣà náà kò tẹ́ lọ́rùn. Kì í ṣe pé ó burú. Òṣìṣẹ́ ni, ó sì fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Àyọ̀ká, ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìgbà gbogbo ni ó máa ń bẹ̀rù pé oúnjẹ yóò tán.

Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé, "Bí mo bá ń sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n wá jẹun, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò wá lóòótọ́. Kí ni n ó wá rí sọ di wàrà fún ọmọ mi?"

Ó wá dá ọgbọ́n kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ mì kí ẹnikẹ́ni tó kọjá. Bí ó bá rí èèpo iṣu, á gbé e mì. Bí ó bá já ewé ìyeyè, á gbé e mì tòun ti igi rẹ̀. Kì í jókòó. Ó ń jẹun lórí ìrìn, ó ń jẹun lórí eré.

Ní ọjọ́ kan, Ajá pàdé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ewúrẹ́ méjèèjì yọ síta.

"Ìyá Àyọ̀ká, kí lò ń jẹ?"

Ewúrẹ́ sáré gbé e mì. "N kò jẹ nǹkan kan."

"Kí ló wá ń sáré lọ lọ́rùn rẹ yẹn?"

"Itọ́ ni."

"Itọ́ rẹ mà ní ewé lára," Ajá wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò bínú. Ajá kì í jẹ ewé.

Ẹni tí ó bá ń ṣe ohun tí kò dára lójoojúmọ́, ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un. Inú Ewúrẹ́ wú, ó sì le bí ìkòkò. Oorun kò kùn ún mọ́. Ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan, á ti gbaná jẹ. Bí Adìẹ bá kí i pé, "Ẹ káàárọ̀," á ní kí ni Adìẹ rí nínú àárọ̀ náà tí ó fi ń kí òun.

Èyí tí ó burú jù ni pé wàrà rẹ̀ ń gbẹ. Àyọ̀ká á fa ọmú títí, á gbé ojú sókè wo ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi, kò sí nǹkan níbẹ̀."

"Tún fà á, ọmọ mi àtàtà."

"Mo ti tún un fà. Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

Ẹsẹ̀ ọmọ náà kò gbé e dáadáa mọ́. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń fò lórí òkìtì, òun á dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀, á máa wò wọ́n.

Ewúrẹ́ rò pé oúnjẹ òun ni kò tó. Àṣìṣe rẹ̀ nìyí. Ó fi kún oúnjẹ, ó sì fi kún ìyára. Ó gba ẹ̀yìnkùlé kan kọjá, ó gbé èlùbọ́ tí wọ́n sá mì láìtíì gbẹ. Ó dé oko kan, ó kó ewé àgbàdo mì bí ẹni tí ń di ẹrù. Wọ́n sọ òkò sí i, wọ́n fi igi lé e, ó ń sá, ó ń gbé e mì. Bí oúnjẹ rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni wàrà rẹ̀ ń dín kù.

Ní ọ̀sán kan, ó ṣubú lẹ́yìn àká, kò sì lè dìde. Ibẹ̀ ni ó wà tí ó fi gbọ́ ohùn kan láti abẹ́ ìhà rẹ̀.

"Ó tó gẹ́ẹ́."

Ewúrẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ta nìyẹn?"

"Èmi Ikùn rẹ ni. Èmi tí ò ń ju ẹrù lé lórí."

"Oúnjẹ ni mo ń fún ọ. Ṣe ni ó yẹ kí o dúpẹ́."

"Oúnjẹ kọ́ ni. Ewé ìyeyè tí o mì ní àárọ̀ dé ọ̀dọ̀ mi bí ó ti wà lórí igi. Bí ẹyẹ bá rí i, á kọ́ ilé sí i. Ṣé o rò pé mo ní eyín ni?"

"N kò wo inú rẹ rí."

"N kò ní. Ẹnu ni Ẹlẹ́dàá kó eyín sí. Ẹnu rẹ kò ṣiṣẹ́, o wá ń kó iṣẹ́ rẹ̀ lé mi lórí. Mo ti ti ilẹ̀kùn."

"Ikùn, jọ̀wọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe tara mi ni mò ń wí. Bí o kò bá sọ oúnjẹ di wàrà, Àyọ̀ká yóò kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Ohùn Ikùn rọ̀.

"Ṣé èmi ni ò ń bẹ̀ nítorí Àyọ̀ká? Kí o tó rí ojú rẹ̀, ta ló gbé e? Ọ̀dọ̀ mi ni ó ti kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ta. Mo ti mọ̀ ọ́n kí o tó mọ̀ ọ́n."

Omijé bọ́ lójú Ewúrẹ́.

"Jẹ́ kí á ṣe àdéhùn," Ikùn wí. "Mo mọ̀ pé wọ́n ń lé ọ kiri níbi tí o ti ń wá oúnjẹ. Máa kó o mì bí o bá fẹ́. N ó bá ọ tọ́jú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí kò bá kúnná ni n ó dá padà sí ẹnu rẹ. O ó jókòó, o ó fi sùúrù rún un. Ìgbà tí ó bá kúnná ni n ó ṣílẹ̀kùn."

"Ìyẹn rọrùn."

"A ó rí i," Ikùn dáhùn.

Kò rọrùn rárá. Ikùn dá ewé ìyeyè padà. Ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rún un lẹ́yìn àká níbẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò sinmi. Bí koríko bá mì, á rò pé ẹnì kan ń bọ̀ wá bá òun jẹ nínú rẹ̀, á sì gbé e mì. Ikùn á dá a padà. Á tún rún un díẹ̀, á gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lọ́nà jíjìn, á gbé e mì. Ikùn á tún dá a padà.

"Ìwọ Ikùn yìí, o fẹ́ pa mí."

"Kì í ṣe èmi. Ìbẹ̀rù ni ò ń bá jẹun. Ìbẹ̀rù kì í jẹ́ kí ènìyàn rún oúnjẹ."

Bí wọ́n ti ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ báyìí ni Àgùntàn yọ. Àgùntàn ni ó dàgbà jù nínú àwọn obìnrin agbo ilé náà. Òun ni ó gba Ewúrẹ́ wọlé nígbà tí wọ́n mú un wá ní ìyàwó, òun náà ni ó sì wẹ Àyọ̀ká ní ọjọ́ tí wọ́n bí i. Àyọ̀ká ni ó lọ pè é nígbà tí ó wá ìyá rẹ̀ tì. Ọmọ náà ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá Àyọ̀ká, kí lò ń ṣe lẹ́yìn àká?"

Ewé wà lẹ́nu Ewúrẹ́. Bí ó bá gbé e mì, Ikùn yóò dá a padà lójú ìyá àgbà. Bí ó bá tu ú dànù, ọmọ rẹ̀ kò ní rí ọmú. Ó wo Àyọ̀ká, ó rí bí ìhà rẹ̀ méjèèjì ti wọlé. Ó wo Àgùntàn. Lẹ́yìn náà, ó sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Ẹ wá jẹun, ìyá."

Àgùntàn wo ewé tí ó ti rún wómúwómú náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi? Kí n wá jẹ èyí tí ó ti lọ tí ó ti bọ̀? Á gba ibi ire, ọmọ mi."

"Ẹ kò fẹ́?"

"Ta ní fẹ́? Láti ìgbà tí o ti dé ilé yìí ni mo ti ń kọjá lára rẹ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo sì ti jẹun yó kí n tó jáde. Kí o pè mí ni mò ń retí. Ẹni tí a bá pè sí oúnjẹ kì í sábà jẹ ẹ́. Ó kàn fẹ́ mọ̀ pé a rí òun ni."

Àgùntàn dùbúlẹ̀ tì í, ó fi ẹ̀yìn ti ẹ̀yìn rẹ̀.

"Máa rún un. Kò sí ẹni tí ń lé ọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀, èmi ni n ó dá a lóhùn."

Ewúrẹ́ rún un. Àgbọ̀n rẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, ó lọ sósì. Ó dúró, ojú rẹ̀ là.

"Ìyá, ó kan díẹ̀."

"Ewé ìyeyè máa ń kan. Ṣé o kò mọ̀ ni?"

"N kò tọ́ ọ wò rí."

Àgùntàn tún rẹ́rìn-ín títí irun ara rẹ̀ fi ń mì. Ní àkókò náà gan-an ni Ikùn ṣí ilẹ̀kùn. Ó kàn rọ̀.

Wàrà kò dé lójú ẹsẹ̀. Ohun rere kì í dé bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá sì sọ fún yín pé bẹ́ẹ̀ ni ó ń dé, ẹ má gbà á gbọ́. Ní àárọ̀, Ewúrẹ́ á lọ wá oúnjẹ. Bí oòrùn bá mú, á wá sí abẹ́ ọdán, á dùbúlẹ̀ ti Àgùntàn, Ikùn á sì dá ohun tí ó tọ́jú padà. Ó ń rún un, ó ń mí, ó ń gbọ́ ìròyìn ilé. Ẹni tí ó bá kọjá, á sọ fún un pé kó wá jẹun. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Á gba ibi ire." Inú rẹ̀ tí ó wú sì lọ sílẹ̀. Ó ń sùn. Ó tilẹ̀ ń kí Adìẹ kí Adìẹ tó kí i.

Títí ó fi di ọjọ́ kan tí Àyọ̀ká fi ẹnu kan ọmú, tí kò gbójú sókè mọ́.

"Àyọ̀ká, ṣé ó wà níbẹ̀?" ìyá rẹ̀ bi í.

Ẹnu ọmọ náà kún. Ìrù rẹ̀ nìkan ni ó ń mì. Nígbà tí ó mu ún yó, ó fò sórí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ó fò bọ́ sílẹ̀, ó tún fò gùn ún. Ewúrẹ́ kò lé e. Ó ń rún ti ẹnu rẹ̀ lọ.

Àgùntàn tí ó ń dùbúlẹ̀ tì í lójoojúmọ́ kò mọ ìgbà tí ẹnu tirẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ikùn rẹ̀ ti gbọ́ bí ara ti dẹ ikùn ẹnì kejì, ó ní òun náà fẹ́ ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀. Màlúù wá sinmi lábẹ́ ọdán, ó rí wọn, ó bá wọn ṣe é. Ajá nìkan ni ó ní òun kò ní sùúrù rẹ̀. Òun ni ó ṣì ń gbé oúnjẹ mì gbàù títí di òní, tí ó sì ń bì í sẹ́nu ọ̀nà onílé.

Láti ìgbà náà wá ni ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù ti ń jẹ àpọ̀jẹ, tí wọn kì í sì í fẹ́ dá a jẹ bí wọ́n bá rí ẹnì kejì.

Ẹ̀yin ọmọdé, ikùn tiyín kò bá yín ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni oúnjẹ ń gba ẹnu yín kọjá. Ẹ jókòó kí ẹ tó jẹ ẹ́. Ẹ rún un kúnná. Ẹ pe ẹni tí ń kọjá.

Bí ẹ bá sì rí ewúrẹ́ tí ó dùbúlẹ̀ sí ibòji, tí ń yí àgbọ̀n, tí kò sí ohunkóhun níwájú rẹ̀, ẹ má lé e dìde. Ọmọ kan ń dúró de wàrà náà.